Bí A Ṣe Ń Múra De Ìgbà Ìrúwé ní Ìlú Ọba Lẹ́yìn Òtútù Olójò: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Jẹ Tẹ̀tẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀

Òtútù nìkan kọ́ ló ń sú ni ní Ìlú Ọba, òjò ni. Òtútù tó bá gbẹ ṣe é fara dà: ẹ wọ kóòtù, ẹ dé fìlà, ẹ jáde. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá tí kò dá, tí ẹ̀yìnkùlé di ẹrẹ̀, tí ilẹ̀ ń ṣú kí àwọn ọmọ tó ti ilé-ìwé dé, a ò rí ibi lọ mọ́. Ẹni tó wà ní England ní ọdún 2021 kò ní gbàgbé ti ọdún náà. Ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ni ìjọba kéde pé kí oníkálukú tún jókòó sílé nítorí Kòrónà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjì Christoph dé pẹ̀lú òjò ńlá, tí wọ́n ń sọ fún àwọn ará Didsbury àti Northenden ní Manchester pé kí wọ́n fi ilé sílẹ̀ torí odò Mersey. Ó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta kí wọ́n tó gbà kí ènìyàn mẹ́fà pàdé nínú ọgbà. Ọ̀pọ̀ wa, ọdún yẹn la kọ́kọ́ fi ojú oko wo ẹ̀yìnkùlé tí a ti ń san owó ilé lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹni tó bá ní òun á dúró kí ìgbà ìrúwé dé kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́. Ẹni tó bá sì gbé ṣọ́bìrì jáde lọ́jọ́ tí oòrùn kọ́kọ́ ta ti yá jù. Inú ilé ni iṣẹ́ oṣù Kejì wà, etí fèrèsé. Ní ti ìta, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa sọ ìgbà tí òun ṣe tán, kàlẹ́ńdà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Oṣù Kejì: ẹ má tíì tẹ ilẹ̀

Tí òjò bá ti rẹ ilẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí a wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣe là ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ amọ̀ ló burú jù, ó sì pọ̀ ní London. Ibi tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lónìí yóò le koko nígbà tí oòrùn bá dé, gbòǹgbò ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bó bá di dandan kí ẹ kọjá, ẹ tẹ́ pákó gígùn kan sílẹ̀ kí ẹ máa gba orí rẹ̀.

Ẹ lè ṣiṣẹ́ láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ gan-an, ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún wò ó. Ibi tí omi ò bá tíì lọ, ẹ má gbin nǹkan síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ ebè gíga. Ẹ tún wo ibi tí oòrùn ń dé ní ọ̀sán. Òjìji ọgbà onípákó á gùn gan-an ní oṣù yìí torí pé oòrùn ò gòkè, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má já yín kulẹ̀, yóò kúrú púpọ̀ nígbà tó bá di oṣù Kẹfà.

Ibi tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ bò ó. Ọ̀rá dúdú tó nípọn dára, páálí ńlá tí wọ́n fi kó ẹrù wá náà dára, tí ẹ bá ti ṣí téèpù ara rẹ̀ kúrò. Ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ bá aládùúgbò. Èyí kò ní jẹ́ kí òjò máa fọ ọ̀rá ilẹ̀ lọ, èpò á kú sábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ náà á sì tètè gbẹ. Tó bá jẹ́ pé omi kòtò tàbí omi ṣaláńgá ló wọ ọgbà yín, ẹ má jẹ ohunkóhun tí omi náà kàn, ẹ tú u dànù.

Irúgbìn, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é níbí

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù òyìnbó tó ń béèrè irúgbìn tẹ̀tẹ̀ á jáde lọ́wọ́ òfo. Callaloo ni àwọn ará Jàmáíkà ń pè é, orúkọ yẹn náà lẹ máa bá lára páálí irúgbìn. Ewédú, ẹ béèrè molokhia, bí àwọn ará Íjíbítì ṣe ń pè é nìyẹn. Àwọn ará Bangladesh náà ń jẹ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ẹ sì lè rí tẹ̀tẹ̀ pupa lọ́dọ̀ wọn. Ní ti ṣọkọ, Celosia ni, òdòdó ni àwọn òyìnbó kà á sí. Ẹ ó rí ìbátan rẹ̀ nínú ìkòkò kéékèèké níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó pupa yòò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a sínú ọbẹ̀! Wọ́n lè ti fín oògùn kòkòrò sí i torí pé òdòdó ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Irúgbìn tó jẹ́ ti jíjẹ ni kí ẹ wá.

Mo mọ̀ pé ọkàn ẹlòmíràn ti wà lọ́dọ̀ àbúrò tó ń bọ̀ láti Èkó. Irúgbìn tí a ó gbìn ní ìwé ẹ̀rí ìlera tí ìjọba ń béèrè kó tó wọ Ìlú Ọba, àwọn aṣọ́bodè sì lè gbà á. Ẹ má wulẹ̀ ní kó dì í sáàárín ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀gúsí, ká má lọ kó bá ọmọ ọlọ́mọ. Ugu ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún yìí. Irúgbìn rẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá gbẹ, ó sì fẹ́ ooru ju ohun tí a ní níbí lọ.

Ata rodo ló ń ṣíwájú

Kó tó di pé ẹ ronú kan ẹ̀fọ́, ẹ gbin ata. Ata rodo ò yára rárá: ó lè lò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hù, oṣù bíi mélòó kan ló sì tún máa lò kó tó so. Tí ẹ bá dúró di oṣù Karùn-ún, òtútù tó ń bọ̀ ló máa bá a pẹ̀lú èso tútù lórí. Àárín oṣù Kejì dára.

Ẹ wá kọ́ọ̀pù oníke tí wọ́n ti lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ bu ilẹ̀dú inú àpò tí wọ́n ń tà fún irúgbìn sí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń tú àpò náà, ẹ má sì gbé imú sún mọ́ ọn, torí kòkòrò àìfojúrí tó lè mú ẹ̀dọ̀fóró lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, kó tutù ṣùgbọ́n kí omi má máa kán. Ẹ fi hóró méjì sínú kọ́ọ̀pù kan, kó wọlẹ̀ bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ẹ bò ó, kí ẹ wá fi ọ̀rá funfun bo ẹnu kọ́ọ̀pù. Ibi tó gbóná nínú ilé ni kí ẹ gbé e sí. Ooru tó fẹ́ láti hù tó dígírì 25 sí 30, ìyẹn ju ooru pálọ̀ ọ̀pọ̀ wa lọ pẹ̀lú bí owó gáàsì ṣe rí. Ẹ gbé e sórí fìríìjì, tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ omi gbígbóná wà. Ẹ lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ hítà, kì í ṣe orí rẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ sun ún.

Bó bá ti yọ orí báyìí, ẹ ṣí ọ̀rá kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ gbé e lọ síbi fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Ìmọ́lẹ̀ ló kù tó ń wá. Bí kò bá rí i tó, yóò ga gbọọrọ, ọrùn rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì ṣubú. Ẹ máa yí kọ́ọ̀pù náà padà lójoojúmọ́ kó má bàa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ara àwa náà fẹ́ oòrùn

Láti oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kẹta, oòrùn Ìlú Ọba ò lágbára tó láti jẹ́ kí awọ ara wa ṣe fítámì D. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní kí olúkúlùkù ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ ní àkókò yìí, wọ́n sì dìídì sọ fún àwa aláwọ̀ dúdú pé kí a rò ó fún gbogbo ọdún. Kò wọ́n, ó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa jáde rìn díẹ̀ ní ọ̀sán, àní bí òjò bá ń ṣẹ́. Ẹ máa ṣí fèrèsé díẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ sì nu omi tó sun sára gíláàsì, torí pé ọ̀rinrin tó ń mú kí ògiri hu ebu náà ló ń jẹ́ kí ìdí irúgbìn jẹrà.

Ọjọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Kẹta ni aago ń sún wákàtí kan síwájú. Ẹ ó rí i bí ìdajì ìjọ ṣe máa wọlé nígbà tí wọ́n ti ń kọ orin ìdúpẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ìrọ̀lẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ẹ sì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin: ẹ yẹ ilẹ̀ wò

Ẹ ká ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rá náà sókè. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan, kì í ṣe ti òkè o, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín dáadáa, kí ẹ wá la ọwọ́. Bí ó bá dì gbagidi, tó ń dán, tí ojú ìka yín hàn lára rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ fi àtàǹpàkò tì í tí kò fọ́, ilẹ̀ ò tíì ṣe tán. Ẹ dá ọ̀rá padà, ẹ wọlé lọ mu tíì. Ọ̀sẹ̀ kan sí i. Bí ó bá dì díẹ̀ tí ẹ tì í tó sì tú ká, ó ti yá nìyẹn. Lẹ́yìn òtútù tí òjò pọ̀, ó lè tó àárín oṣù Kẹrin kó tó rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ìhà àríwá. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Tí ilẹ̀ bá ti gbà, ẹ fi fọ́ọ̀kì tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má yí i dojú dé. Òjò ti fọ ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ ewéko tó wà nínú rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ da àpò ilẹ̀dú tàbí ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa lé e lórí. Ẹ wá kọ ebè gígùn, kó ga díẹ̀, kó má fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ yín lè dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi poro sáàárín kí omi rí ibi gbà. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà sí abúlé, ẹ ò nílò kí n kọ́ yín níyẹn. Òyìnbó á ra pákó, á kàn án ní onígun mẹ́rin, á sì san owó gọbọi fún un. Ebè bàbá wa ń ṣiṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ojú bá ń kán yín láti rí nǹkan tútù, ẹ gbin ẹ̀fọ́ òyìnbó, ìyẹn spinach, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òtútù kékeré ò ní pa á. Omi rẹ̀ pọ̀ tí a bá fi ṣe ẹ̀fọ́ rírò, ẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ fún un dáadáa. Ó sàn ju kí a máa wo ilẹ̀ lásán lọ.

Oṣù Kẹrin, inú ilé: tẹ̀tẹ̀ àti ewédú

Mọ́mì mi gbọ́ lórí fóònù pé mò ń fi omi gbígbóná tọ́jú irúgbìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Tẹ̀tẹ̀ wo lò ń rọ̀ lójú bí ọmọ ìkókó yìí? Dà á sílẹ̀, á hù!” Mo ní, “Mọ́mì, ẹ máa wolẹ̀, ilẹ̀ ibí ò rí bíi ti Ọ̀yọ́ o.” Nílé, tẹ̀tẹ̀ ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Níbí, bí ilẹ̀ ò bá tíì gbóná ju dígírì 15 lọ, ẹ dàá dàá títí, kò ní dá yín lóhùn.

Nítorí náà, inú ilé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti àárín oṣù Kẹrin sí ìparí rẹ̀. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an, tí ẹ bá fi ọwọ́ lásán wọ́n ọn, ojú kan ni gbogbo rẹ̀ máa dà sí. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, kí ẹ wá fi ìka mẹ́ta wọ́n ọn sínú àwo pẹlẹbẹ tí ẹ ti bu ilẹ̀dú sí. Ẹ ku ilẹ̀dú fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kó ṣá ti bò ó. Ẹ má da omi lé e láti òkè, ẹ gbé ìdí àwo náà sínú omi kí ó fà á fúnra rẹ̀. Níbi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní pẹ́ hù. Bí ó bá ti yọ ewé bíi mẹ́rin, ẹ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú kọ́ọ̀pù tirẹ̀, ẹ di ewé rẹ̀ mú, kì í ṣe igi, torí pé bí igi rẹ̀ bá tẹ̀, ó tán.

Ewédú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èèpo ara hóró rẹ̀ le, omi kì í ráyè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbìn ín tí ìwọ̀nba díẹ̀ sì ń hù. Ẹ kó hóró náà sínú aṣọ pẹlẹbẹ kan, ẹ so ó. Ẹ jẹ́ kí kẹ́tùlù hó, ẹ gbé e kúrò lórí iná. Ẹ ri aṣọ náà bọ omi yẹn, ẹ ka oókan dé ẹ̀wá, kí ẹ fà á yọ wéré kí ẹ sì jù ú sínú omi tútù. Ẹ tú u sórí bébà kó gbẹ, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Bó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná, ẹ ti sè é nìyẹn.

Ẹ má sì kánjú gbin ewédú ṣáájú àkókò yìí, àní bí ilé yín bá gbóná. Ọjọ́ kúkúrú ló ń mú kí ewédú yọ òdòdó. Nílé, ọjọ́ kì í jìnnà sí wákàtí 12 láti ọdún dé ọdún. Ní London, oòrùn ò tó wákàtí 8 lójú ọ̀run nígbà tí ọjọ́ bá kúrú jù nínú oṣù Kejìlá, ó sì ń ju wákàtí 16 lọ nínú oṣù Kẹfà. Ewédú tó bá hù nínú oṣù Kejì lè ti tanná nígbà tí kò tíì ga tó ọwọ́. Èyí tí ọjọ́ gígùn bá bá nílẹ̀, ewé ni yóò máa fi gbogbo ara rẹ̀ yọ. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan ni ojú ọjọ́ Ìlú Ọba fi ṣe wá lóore.

Oṣù Karùn-ún: kí wọ́n mọ ìta

Ọjọ́ dáadáa mélòó kan á dé nínú oṣù Karùn-ún tí gbogbo ènìyàn á bọ́ kóòtù, tí èéfín súyà á gba àdúgbò. Ìtànjẹ ni. Ìrì dídì ṣì lè bọ́ lóru, pàápàá ní Manchester, Leeds àti ní Scotland, alẹ́ kan péré sì tó láti pa gbogbo ohun tí ẹ ti ń tọ́ láti oṣù Kejì. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó àtijọ́, wọ́n ní ṣòkòtò ni wọ́n ń bọ́ kí wọ́n fi ìdí lásán jókòó sórí ilẹ̀. Bí ara wọn bá gbà á, irúgbìn náà á gbà á. Ẹ̀yin ẹ ra tẹmọ́mítà.

Fún bíi ọjọ́ 7 sí 10, ẹ máa gbé kọ́ọ̀pù wọn jáde ní ọ̀sán, kí ẹ gbé wọn wọlé lálẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wákàtí kan tàbí méjì lábẹ́ òjìji ti tó. Bí ẹ bá kó wọn sínú oòrùn ọ̀sán gangan lẹ́ẹ̀kan náà, ewé wọn á funfun á sì gbẹ, torí pé gíláàsì fèrèsé ló ti ń gba oòrùn sílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta máa mú kí igi wọn nípọn.

Oṣù Kẹfà: ó di ilẹ̀

Ní ìhà gúúsù, ẹ lè gbìn wọ́n sílẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ní àríwá, ẹ jẹ́ kí oṣù Kẹfà wọlé ná. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn má bàa bá wọn lójijì. Ẹ fi àyè bí sẹ̀ǹtímítà 20 sáàárín tẹ̀tẹ̀ kan sí èkejì. Ewédú, bí ẹ bá ní ilé onígíláàsì tàbí ilé ọ̀rá, inú rẹ̀ ni kó wà. Bí ẹ ò bá ní, ẹ gbé e sí ìdí ògiri bíríkì tó kọjú sí gúúsù, torí pé bíríkì ń gba ooru ọ̀sán, ó sì ń tú u jáde lóru. Ata, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá, ẹ máa gbé e tẹ̀lé oòrùn.

Ọ̀tá yín ní ọdún tí òjò bá ti pọ̀ ni ìgbín tí kò ní ìkarahun, tí wọ́n ń pè ní slug. Lẹ́yìn òtútù olómi, wọ́n ń pọ̀ kọjá sísọ, ilà tẹ̀tẹ̀ kan kò sì ju oúnjẹ alẹ́ kan lọ lójú wọn. Oògùn oníhóró búlúù àtijọ́ tó ní metaldehyde nínú, ìjọba ti fòfin dè é láti ìgbà ìrúwé 2022 torí pé ó ń pa ẹyẹ àti ẹranko, nítorí náà bí ẹ bá bá èyí tó ṣẹ́ kù nínú ṣẹ́ẹ̀dì onílé, ẹ má lò ó. Èyí tó ní ferric phosphate ni wọ́n ń tà báyìí. Èyí tó dá mi lójú jù ni ọwọ́: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn òjò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ máa ṣà wọ́n sínú garawa. Àwọn ọmọ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju iṣẹ́ àṣetiléwá lọ. Ẹ tún lè tẹ́ pákó kan sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹ yí i padà láàárọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó sí.

Gígé

Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ bá ti tó orúnkún, ẹ má fà á tu. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e kó ku bí ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, kí ewé díẹ̀ ṣì wà lára ìdí rẹ̀. Yóò pa ẹ̀ka láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì tún gé e lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí orí rẹ̀ bá fẹ́ yọ òdòdó, ẹ ré e, àfi ẹyọ kan tàbí méjì tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún irúgbìn. Nígbà tí orí ìyẹn bá gbẹ nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú àpò bébà, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí i lára. Ewédú, òkè rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa já lákọ̀ọ́kọ́, kó lè fẹ̀.

Ata rodo ò gbọdọ̀ kú sóde. Kí oṣù Kẹwàá tó dé, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé, ẹ gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kúrú, ẹ yẹ abẹ́ ewé rẹ̀ wò dáadáa bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Etí fèrèsé ni kó wà, kí ẹ dín omi rẹ̀ kù sí ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ nìkan. Ewé rẹ̀ lè re gbogbo. Bí igi rẹ̀ bá ṣì tútù nígbà tí ẹ fi èékánná ha á, ó wà láàyè, yóò sì ṣáájú èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ so.